Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Mo Gba Káàdì

Orí iyanrìn ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó mọ eré náà lóde òní, wọ́n á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, torí koríko tútù tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ féfé ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Pápá tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ní Lọ́kọ́ja kò ní omi tí a lè fi tọ́jú koríko. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ewúrẹ́ sì ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ẹgbẹ́. Ibi tí ihò tí a ń gbá bọ́ọ̀lù sí wà, iyanrìn odò la dà síbẹ̀, a sì pò ó mọ́ ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Búráùn la ń pè é. Ẹni tó bá lo ọ̀sán kan lórí búráùn, òórùn mẹkáníìkì ni yóò gbé wọlé, ìyàwó rẹ̀ ò sì ní í dákẹ́.

Búráùn ní àṣà tirẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù rẹ tó dé orí rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú ti ba ojú iyanrìn jẹ́. Nítorí náà, pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, tí a kan àpò ìdọ̀họ mọ́ nídìí. Wàá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ wà títí dé ẹnu ihò, ọ̀nà á sì là gbọọrọ. Ṣùgbọ́n pákó náà máa ń fi òkìtì tín-ínrín sílẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, níwájú bọ́ọ̀lù gan-an. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà òsì la fi ń pa ìyẹn rẹ́, fẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, kí a tó gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá lẹ́yìn ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ojú la fi ń kọ́ irú ẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Kwara la ṣì wà. Mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé ní àdúgbò Karaworo, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ Ìjùmú, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ní ọmọbìnrin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́jọ. Ó ti hu eyín méjì nísàlẹ̀, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló ń fi eyín náà dán wò.

Lọ́dún náà, wọ́n ṣètò ìdíje kan fún àwa tí a fẹ́ fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n tí a ò tíì tó ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Ìlú mẹ́jọ la ó lọ, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá dé títí di ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún kálukú ní máàkì bó bá ṣe ṣe dáadáa sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á kó máàkì jọ, àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni yóò sì gba káàdì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa bá àwọn àgbà díje káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹsàn-án, kó máa lọ sílé.

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, tí òun náà máa ń gbá gọ́ọ̀fù nírọ̀lẹ́, bá mi gba ìsinmi tí kò lówó oṣù nínú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Bí mo bá gba káàdì, gọ́ọ̀fù ni iṣẹ́ mi. Bí mi ò bá gbà á, màá kó ọ̀pá mi fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, màá jókòó sídìí fáìlì títí tí màá fi fẹ̀yìn tì.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí o má wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé èmi ni mo ní kí o fi í sílẹ̀ o."

Àwa méjì la lọ láti Lọ́kọ́ja. Ẹnì kejì mi fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, ohun tí màá sì pè é níbí náà nìyẹn. Láti Ìlọrin ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti ń ta aṣọ ní Lọ́kọ́ja kí bàbá mi tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bàbá tirẹ̀ fẹ́ kó wá jókòó ti ìsọ̀ aṣọ. Ó bẹ bàbá náà pé kó yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀rùn kan péré fún òun. Bí òun bá gba káàdì, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun máa lọ. Bí òun ò bá gbà á, òun á padà wá máa wọn aṣọ, wọn ò sì ní gbọ́ gọ́ọ̀fù lẹ́nu òun mọ́. Nítorí náà, àdéhùn kan náà ni àwa méjèèjì gbé kúrò nílé, òun fún bàbá rẹ̀, èmi fún ìyàwó mi.

Kaduna la ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tẹ koríko tí wọ́n ṣe fún ihò, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń mójú tó òfin kó gbogbo àwa tí a ti orí búráùn wá jọ sábẹ́ igi. Ó kìlọ̀ fún wa pé kò sí pákó fífà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà dé ihò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi méjì kún iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló sì ń borí nínú eré yìí, nítorí náà méjì kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀gbọ́n sọ sí mi létí pé, "Bàtà mi ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, èmi ti gbọ́." A rẹ́rìn-ín.

Ìlú mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí káàdì, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bọ́ọ̀lù á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ẹni tí kò mọ ilé. Ipò kẹrìndínlógún ni mo wà nígbà tí a dé Jos. Ẹ̀gbọ́n wà ní ipò keje. Yàrá kan náà la jọ ń sùn níbi gbogbo. Bí ó bá kírun àárọ̀ tán, á po tíì sínú kọ́ọ̀bù méjì, á gbé tèmi sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Dìde, ìwọ onírìnjàjò. Ẹni tó wà ní ipò kẹrìndínlógún kì í pẹ́ sùn."

Jos ni awakọ̀ kan láti Lọ́kọ́ja ti wá mi kàn. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń dúró sí gáréèjì Natako. Ó bọ́ fìlà, ó kí mi, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ nílé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì wojú mi. Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa bọ̀ nílé, tí wọn ò sọ ìdí rẹ̀, òun náà ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe ẹrù mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo ń wò ó bó ṣe ń ká ṣòkòtò mi.

Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ọjọ́ kejì la tó wọlé. Wọ́n ti sin ọmọ wa. Ibà ni wọ́n pè é, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Bàbá onílé wa àti àgbà ìjọ kan ló gbé e lọ. Lọ́dọ̀ wa, àwọn òbí kì í lọ síbi tí wọ́n bá ti ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì mọ ojú ibẹ̀. Mi ò béèrè. Kí n tó dé, àwọn obìnrin ilé ti kó gbogbo nǹkan rẹ̀ kúrò: báàfù ìwẹ̀, ike pọ́dà, àwọn ẹ̀wù péépèèpé. Okùn tí a máa ń sá aṣọ ìdí rẹ̀ sí ṣófo, kílíìpù nìkan ló tò lórí ẹ̀.

Àwọn èèyàn wá. Kálukú wọlé, ó jókòó díẹ̀, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó dìde. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ó tún bí òmíràn. Ohun rere ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà kẹwàá, mo fẹ́ sọ fún wọn pé agbè tí wọ́n ń sọ ló jókòó yẹn, ó ń gbọ́ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ọmọ náà. Òṣèlú ni wọ́n ń sọ, àti owó gààrí.

Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Omi ọyàn ò tíì gbẹ. Ìyá àgbà kan láti ilé kejì fi gèlè di àyà rẹ̀ pinpin, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kó lè tètè dá. Iwájú ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ń tutù. Ó ń fi ọwọ́ nu ún, láìwò ó.

Èmi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo ń retí ẹkún, ẹkún ò wá. Mo jẹun nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, iyọ̀ tó tó wà nínú rẹ̀. Ojú tì mí pé mo mọ̀ pé iyọ̀ tó. Àwọn ará ìjọ ní ọkùnrin gidi ni mí, mo gbà á mọ́ra, mo sì gbà wọ́n gbọ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó mi ní, "Máa lọ."

Mo ní, "Lọ síbo?"

"Ibi tí o ti wá. Kí lo fẹ́ máa wò níbí? O ò kúkú lè fún ẹnikẹ́ni lọ́mú."

Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye aago tó lù. Mo kó ọ̀pá mi, mo lọ.

Benin ni mo ti bá wọn. Ẹ̀gbọ́n ti gba yàrá sílẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì kejì kí ẹlòmíràn má baà sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó gbé àpò náà kúrò, ó ní, "O kú ìrìn." Ó po tíì. Kò sọ̀rọ̀ ọmọ. Lọ́jọ́ kejì kò sọ ọ́, títí ìdíje fi parí kò sọ ọ́. Mo rò pé kò mọ ohun tó lè sọ ni, inú mi tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan wà láyé tí kò ní bá mi sọ̀rọ̀ agbè.

Ohun ìtìjú tó wà nínú ìtàn yìí nìyí: láti ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù bí ó ti yẹ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́. Kí ni màá máa gbọ̀n fún? Mo ṣì fẹ́ káàdì, àdéhùn mi ò yí padà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé nígbà tí òun kò lè dìde. Màá dúró, màá wò, màá gbá, bọ́ọ̀lù á lọ síbi tí mo rán an. Mo ṣe ipò kẹta ní Benin. Ní Warri, mo ṣe ipò kejì. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè ohun tí mo lò. Ẹnì kan ní ó dàbí pé mo ti gbàdúrà gan-an nígbà tí mo lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fi máa ku Ìbàdàn nìkan, ìlú kẹjọ, ó ti já sí ipò kẹjọ, èmi sì ti gòkè dé ipò kẹsàn-án. Máàkì wa sún mọ́ra débi pé gbogbo èèyàn mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: nínú àwa méjì, ẹni tó bá ṣe dáadáa ju èkejì lọ ní Ìbàdàn ló máa gba káàdì tó kù. Àwa náà mọ̀ ọ́n. A jọ wọkọ̀ kan náà lọ, a jọ sùn sí yàrá kan náà. Ó po tíì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbá ti Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, iye tí àwa méjèèjì gbá dọ́gba, wọ́n sì fi wá sínú ọ̀wọ́ kan náà fún ọjọ́ tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Port Harcourt tí kò sí ohun tó kàn án mọ́ nínú ọ̀rọ̀ káàdì. Nínú eré yìí, èèyàn kì í kọ iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ọ́, òun á wá fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ló bọ́ sí lọ́wọ́ láti kọ tèmi. Èmi kọ ti ará Port Harcourt, òun náà kọ ti Ẹ̀gbọ́n.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Títí dé ihò kẹrìndínlógún nínú méjìdínlógún, a ṣì dọ́gba. Bí ẹ bá ní kí n sọ bí mo ṣe gbá ihò kẹtàdínlógún, mi ò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó kù bí ìgbésẹ̀ márùn-ún kí bọ́ọ̀lù mi dé ihò, mo sì mọ̀ pé ó wọlé. Ohun tí mo rántí ni pé ẹnì kan ń sungbó lọ́ọ̀ọ́kán, eérú dúdú ń já bọ́ sára ẹ̀wù funfun mi, mo ń rò ó pé ó yẹ kí n gbọ̀n ọ́n dànù, mi ò sì gbọ̀n ọ́n. Mẹ́rin ni mo gbá. Ẹ̀gbọ́n gbá márùn-ún. Ní ihò tó kẹ́yìn, iye kan náà la gbá.

A jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ àgọ́. Ẹ̀gbọ́n ka iye mi sí mi létí, ihò kan tẹ̀ lé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tó dé ti kẹtàdínlógún, ó dúró.

"Mẹ́rin?" ó ní.

"Mẹ́rin ni."

Ó gbé ojú sókè. "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé ẹnu bíírò lé ìwé náà. Ó ní, "Ó dáa." Ó fọwọ́ sí i, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo bínú díẹ̀. Mo rò pé ìjákulẹ̀ ló mú kó máa tún un béèrè, bí ọmọdé tí wọ́n ti fún ní ẹran rẹ̀ tó tún ń wo àwo. Mo fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba káàdì, mo fi ẹyọ kan ṣoṣo borí Ẹ̀gbọ́n.

Ó yẹ kí n sọ pé inú mi dùn. Wọ́n ya fọ́tò, mo dúró. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Lọ́kọ́ja, Ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a dé Natako, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "O kú oríire, àbúrò." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nídìí aṣọ. Èmi mú káàdì dé ilé, mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí tíṣà, ó ní, "Ó dáa náà," ó sì lọ ro ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá àwọn àgbà díje. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rántí nínú rẹ̀. Mo ń ṣe ipò ogójì, mo ń ṣe ipò àádọ́ta. Ara mi ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, mo tún ti ń mọ ebi àti ìbínú, ọwọ́ mi sì padà sí gbígbọ̀n rẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì. A bí ọmọkùnrin méjì. Bí wọ́n bá béèrè iye ọmọ wa, a ó ní méjì. Èmi àti ìyàwó mi kò mẹ́nu kan èkínní rí. Kò sẹ́ni tó ní ká má ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ṣáà wà láàrin wa, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun kan péré ni mo rí fi yangàn nínú gbogbo gọ́ọ̀fù mi. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, mo ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, mo ń sọ ọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti fara balẹ̀: pé èmi ọmọ búráùn, mo gbá ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko lórí koríko, mi ò sì fẹsẹ̀ kan ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rí. Àwọn ẹlòmíràn láti orí búráùn jìyà méjì méjì yẹn, èmi ò jẹ ẹ́.

Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lọ́kọ́ja kún fún àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti Ìlọrin dé, kálukú ń wá ilé, ń ra bẹ́ẹ̀dì, ń ra aṣọ fèrèsé. Mo wà ní ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun ló ni ìsọ̀ báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ọmọ Kàbà kan wọlé, ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́dọ̀ wọn, "Okun o," ó fẹ́ ra aṣọ fèrèsé. Bí ó ṣe ń yan aṣọ, ó ní òun gbọ́ pé pápá gọ́ọ̀fù wà nílùú yìí. Ìyẹn ti tó láti ṣí mi lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi, mo sọ ọ́ dé ibi tí mo ti ń yangàn, mo lu àyà. Ọkùnrin náà kí mi, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ tó kù lórí kọ́ńtà. Ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, jọ̀ọ́, má sọ ọ́ níwájú mi mọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Pé o ò fẹsẹ̀ kàn án rí."

Ó jáde wá láti ẹ̀yìn kọ́ńtà. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó na ẹsẹ̀ òsì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ pa orí sìmẹ́ńtì, fẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan.

"Ìbàdàn," ó ní. "Ihò kẹtàdínlógún. Ẹ̀yìn rẹ ni mo dúró sí. Ará Port Harcourt ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú igbó, kò rí ọ. O fẹsẹ̀ pa iwájú bọ́ọ̀lù bí ẹni tó wà lórí búráùn wa, o wá gbá a wọlé."

Ẹsẹ̀ mi mọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Bí mo ṣe ń wo sálúbàtà rẹ̀, mo mọ ìrìn ẹsẹ̀ yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Mẹ́fà ló yẹ kó kọ fún mi níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin. Òun ló ni káàdì náà.

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "O wojú mi, o ní mẹ́rin ni. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó mọ̀, ó fẹ́ ẹ ni. Mo gbà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é."

Ó ní, "Kò burú." Mi ò lè sọ bóyá ó gbà mí gbọ́. Èmi fúnra mi, bí wọ́n bá ní kí n wá búra, mi ò ní í lè búra. Lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ló wà nínú ara mi, mi ò mọ ohun tí ẹni náà mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó padà sẹ́yìn kọ́ńtà, ó tún fa aṣọ tó ń ká mọ́ra. "Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ," ó ní. "Ọmọ tí mo gbé lọ́jọ́ ìkómọ, tó di ìka mi mú, tó fi í sẹ́nu, tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ ní kí n fà á yọ, mo ní ẹ jẹ́ kó mu ún. Kí n wá tún gba káàdì kún un? Mi ò lè ṣe é. Àwọn àgbà ní a kì í sọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kí ọ. Ohun tí mo fi kí ọ nìyẹn."

Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà láyé rí. Nínú gbogbo àwọn tó wọlé wá jókòó lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò wá yìí nìkan ló bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ó fi gbogbo iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láyé ṣe é, èmi sì rò pé ìjákulẹ̀ ló ń dà á láàmú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Ó ní kí n di etí aṣọ kejì mú, kí a jọ ká a. A jọ ká a.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ẹsẹ̀ òsì, mo sọ ti mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ mẹ́fà, mo sọ pé káàdì yẹn kì í ṣe tèmi. Kò gbé orí sókè. Ó ń máàkì lọ. Mo wá dé ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìdí tó fi dákẹ́, bíírò rẹ̀ sì dúró.

"Ó ní òun gbé e?"

"Lọ́jọ́ ìkómọ."

"Ó fi ìka rẹ̀ sẹ́nu?"

"Ó ní kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní o ní kí òun fà á yọ."

Ó ti àwọn ìwé náà sápá kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Tún un sọ," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti gbé e."